Kí ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun ń jẹ ní ilẹ̀ tí igi kì í hù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rí àwòrán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun nínú ìwé kan, ó sì bi mí pé kí ni ó ń rí jẹ nínú yìnyín yẹn. Ìwé náà ní òwìwí funfun àti àṣá ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ? Ṣé wọn kì í bá ara wọn jà? Ohun tó sì dà mí láàmú jù ni pé àwòrán ilẹ̀ inú ìwé náà kun gbogbo orí ayé láwọ̀ kan pé ibẹ̀ ni wọ́n wà, ojú ìwé kejì sì sọ pé wọ́n ṣọ̀wọ́n. Èwo ni ká gbà gbọ́?
Bàbá Oníbéèrè

ÌDÁHÙN

Bàbá Oníbéèrè, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Ohun tó béèrè yìí ni mo fi ìgbà ooru méjì wá ìdáhùn sí nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní Varanger, ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Norway. Túńdírà ni ibẹ̀: koríko, ewédò, òkúta, kò sí igi. Láti àárín oṣù Karùn-ún títí di ìparí oṣù Keje, oòrùn kì í wọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n máa ṣa ìgbẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu ihò wọn, kí n sì máa ṣa ìṣù irun tí àwọn ẹyẹ apẹranjẹ ń bì sílẹ̀ lábẹ́ àpáta.

Inú nǹkan wọ̀nyẹn ni ìdáhùn wà. Òwìwí a máa gbé eku mì lódindi. Ẹran a dà nínú rẹ̀, irun àti egungun a kó ara wọn jọ di ìṣù, a sì bì í síta. A ó rẹ ìṣù náà sínú omi, a ó fi èmú kékeré tú u díẹ̀díẹ̀, títí eyín yóò fi jáde. Ìlà wọ́kọwọ̀kọ máa ń wà lórí eyín èrìgì eku ilẹ̀ òtútù, bí ìlà náà ṣe rí ló sì ń sọ irú eku tó jẹ́. Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣòro jù, nítorí ó ń fi eyín rún egungun. A kì í sì í fọwọ́ lásán kan ìgbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹyin aràn inú rẹ̀ lè dá àìsàn ńlá sílẹ̀ lára èèyàn. A ó fọ̀ ọ́ nínú asẹ́, a ó wá ya irun sọ́tọ̀, ìyẹ́ sọ́tọ̀, èépá ẹyin sọ́tọ̀.

Eku tí eyín rẹ̀ ń jáde ṣáá ni lẹ́míǹgì. Eku roboto ni, ìrù rẹ̀ kúrú, kì í sì í sùn la ìgbà òtútù já. Abẹ́ yìnyín ló ń gbé, níbi tí àlàfo díẹ̀ wà láàárín ilẹ̀ àti yìnyín, ibẹ̀ ló ti ń jẹ koríko àti ewédò, ibẹ̀ náà ló ti ń bímọ. Láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á pọ̀ débi pé kò síbi téèyàn fẹsẹ̀ sí tí kò ní rí wọn. Ọdún tó bá tẹ̀ lé e, wọ́n lè dàwátì.

Ẹ wá wo òwìwí funfun. Lọ́dún tí lẹ́míǹgì bá pọ̀, abo rẹ̀ lè yé ẹyin tó mọ́kànlá. Lọ́dún tí wọn ò bá sí, kò ní yé rárá, yóò ká ìyẹ́ rẹ̀ kúrò lágbègbè náà. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mọ́ abo òwìwí ní erékùṣù Bylot, ní Kánádà, wọ́n sì rí i pé láti ibi tí ó yé ẹyin sí lọ́dún kan dé ibi tí ó yé ẹyin sí lọ́dún kejì, ó ju 700 kìlómítà lọ ní ìpíndọ́gba. Òmíràn lára wọn lo ìgbà òtútù lórí yìnyín òkun, ó ń pa pẹ́pẹ́yẹ òkun níbi tí omi ti là. Nítorí náà, ìwé yín kò parọ́ lójú ìwé méjèèjì. Gbogbo ibi tí wọ́n kùn yẹn ni òwìwí lè dé, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n máa kọ ọdún sára àwòrán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ibẹ̀ ló gbára lé lẹ́míǹgì. Àwòdì ẹlẹ́sẹ̀ onírun gbára lé e gan-an. Mo máa ń wò ó tí ó dúró sójú kan lófuurufú, tí ó ń fẹ́ ìyẹ́, tí ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Bí òtútù bá dé, ó ń lọ sí gúúsù. Àṣá ńlá tí wọ́n ń pè ní gyrfalcon, tí kò sí àṣá tó tóbi tó o láyé, kì í sábà kúrò ní tirẹ̀, nítorí àparò funfun ló ń jẹ, àparò yẹn kì í sì í fi túńdírà sílẹ̀. Ní Greenland, wọ́n yẹ ìgbẹ́ tó ti dì sídìí ìtẹ́ àṣá yìí wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti ń lo ìtẹ́ kan bọ̀ láti nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹnu ò gbà mí ròyìn.

Ó ku kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni tirẹ̀ pín sí. Ti àárín ilẹ̀ ń bá lẹ́míǹgì yí, lọ́dún ọ̀pọ̀ ó lè bí ju ọmọ mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ti etí òkun kò mọ lẹ́míǹgì rárá. Ní Iceland àti Svalbard, àwọn erékùṣù inú òkun àríwá, kò sí lẹ́míǹgì kankan, síbẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹyẹ òkun àti ẹyin wọn ni ó ń jẹ, pẹ̀lú òkú àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ní Svalbard, ọmọ séèlì (ẹran òkun kan), àti àjẹkù béárì funfun tí ó ń tẹ̀ lé lẹ́yìn lórí yìnyín. Oúnjẹ ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, ọmọ tí wọ́n ń bí kì í sì í pọ̀ tó ti àárín ilẹ̀. Lọ́dún 2018, abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lọ́rùn kúrò ní Svalbard, ó gba orí yìnyín òkun, ó gba Greenland já, ó sì dé erékùṣù Ellesmere ní Kánádà: 3,506 kìlómítà ní ọjọ́ 76. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹyẹ òkun ló ti wá, ibi tí wọ́n ti ń jẹ lẹ́míǹgì ló wọ̀. Bí ó bá fẹ́ yè níbẹ̀, àfi kó kọ́ oúnjẹ tuntun.

Ní ti ìjà, ẹ sọ fún ọmọ pé ìjà ń bẹ, òmíràn sì ń ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Bí lẹ́míǹgì bá tán, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò kọjú sí ẹyin ẹyẹ, yóò jẹ, yóò sì ri ìyókù mọ́lẹ̀ de ìgbà òtútù. Ní Taimyr, ní Rọ́ṣíà, àwọn gúùsì dúdú (ẹyẹ omi bíi pẹ́pẹ́yẹ) tí wọ́n ń pè ní brent a máa kọ́lé sẹ́bàá òwìwí funfun, nítorí òwìwí kì í jẹ́ kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tí lẹ́míǹgì kò bá sí, òwìwí kò sí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á sì kó ẹyin gúùsì tán. Àwọn tó ń ka gúùsì wọ̀nyí ní Netherlands àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù lè wo bí ọmọ ṣe pọ̀ sí láàárín wọn, kí wọ́n sì mọ bí lẹ́míǹgì ṣe rí ní Taimyr.

Ohun tó ń dun èmi ni ibi tí lẹ́míǹgì kì í ti í pọ̀ lọ́dún mélòó kan bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí òjò bá rọ̀ sórí yìnyín nígbà òtútù, ó ń dì bí òkúta, àlàfo tí lẹ́míǹgì ń gbé a sì dí pa. Ní ìlà-oòrùn àríwá Greenland, ọdún ọ̀pọ̀ lẹ́míǹgì dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọdún 2000, òwìwí funfun sì wọ́n níbẹ̀ gidigidi. Ní Norway, Sweden àti Finland, awọ ni àwọn ọdẹ fi pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun débi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Sweden fòfin dáàbò bò ó ní 1928, Norway ní 1930, Finland ní 1940, síbẹ̀ kò tètè gbèrú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa, tó tóbi jù ú lọ, ti gun àríwá wá, ó ń gba ihò rẹ̀, ó sì ń pa á. Ní Norway, wọ́n ń sin ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun tú sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ sínú àpótí tí ẹnu rẹ̀ há, kí ti pupa má lè ráyè wọlé.

Bí ọmọ bá wá bi yín pé ta ló ń borí láàárín òwìwí àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹ sọ fún un pé òwìwí ni, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ òwìwí máa ń fẹsẹ̀ rìn kúrò nínú ìtẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí kò tíì lè fò. Wọ́n á fọ́n káàkiri inú koríko, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ìyá wọn kò sì lè ṣọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.