Ẹ má fi àwọ̀ yan ìdẹ ẹja musky

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Minnesota ní Amẹ́ríkà, pé 100 dọ́là ló wà lọ́wọ́ yín láti fi ra ìdẹ àtọwọ́dá fún ẹja musky, ẹja ńlá eléyín mímú tó ń pa ẹja míì jẹ, ẹ wá ń béèrè àwọ̀ tó dáa jù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ra oríṣiríṣi àwọ̀, àpótí mi kún, ẹja kan ṣoṣo ò sì wọ àwọ̀n mi.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: báwo ló ṣe gbóná tó, báwo sì ni ibi tí ẹja wà ṣe jìn tó? Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń ṣí àkókò pípa musky níbí, omi ṣì tutù, torí náà ìdẹ kékeré bí íńṣì márùn-ún tàbí mẹ́fà ni mo ń lò, mo sì ń fà á jẹ́jẹ́. Tó bá di oṣù keje tí koríko abẹ́ omi ti ga, bucktail ni. Irun ìrù àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ṣe é, àwo irin pẹlẹbẹ méjì sì ń yí bírí níwájú rẹ̀. Ẹ lè sáré fà á gba orí koríko kọjá, ẹja á sì ti mọ̀ ọ́n lára kó tó fojú rí i. Èyí tí àwo rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 wúwo púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni apá fi ro mí nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó. Ẹ ra nọ́ńbà 8. Ìdẹ tẹ́ ò bá lè jù láti àárọ̀ dalẹ́ ò lè ṣe yín láǹfààní, torí ẹja yìí ni wọ́n ń pè ní ẹja ẹgbàárùn-ún ìjù.

Nígbà tí ewé bá ń wọ́, mo máa ń yí sí ìdẹ rọ́bà ńlá, íńṣì 9 sókè, mo máa ń fà á díẹ̀, kí n jẹ́ kó rì, kí n tún fà á.

Ní ti àwọ̀, méjì ti tó: dúdú fún ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ tójú ọ̀run ṣú, èyí tó ń tàn bí ọsàn tàbí wúrà fún omi tó pọ́n bíi tíì.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ní Ẹ̀pẹ́ tí mo dàgbà sí, a máa ń ju ìwọ̀ sómi ká jókòó dè é. Musky máa ń tẹ̀ lé ìdẹ, á máa wò ó. Lọ́dún kẹta mi, ní adágún Leech Lake, ọ̀kan tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́fà tẹ̀ lé ìdẹ mi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo yọ ìdẹ kúrò nínú omi kí n lè tún un jù. Ó dúró díẹ̀, ó sì rọra rì lọ. Látìgbà yẹn, mo máa ń ki orí ọ̀pá bọ omi, kí n fi ya 8 fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí n tó gbé ìdẹ sókè. Ìdí míì nìyí tí mo fi fẹ́ràn bucktail: kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró bẹ́ ẹ bá ń yí i po. Ìdẹ onígi tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ já ọ̀pá kó tó mira máa ń kú fin níbẹ̀.

Torí náà, bucktail nọ́ńbà 8 méjì péré ni kẹ́ ẹ rà, dúdú kan, èyí tó ń tàn kan. Ẹ fi owó tó kù ra wáyà tí eyín ẹja ò lè gé, ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn, àti ohun tó lè gé ìwọ̀. Àwọ̀n ńlá gbówó lórí, ẹ yá a ná. Musky tí ò bá tó íńṣì 54, òfin ní kẹ́ ẹ dá a padà, ó sì gbọ́dọ̀ padà láàyè. Lọ́jọ́ kan tí omi gbóná ju 80 Fahrenheit lọ, mo mú ọ̀kan, mo tú ìwọ̀ rẹ̀ kíákíá, mo dì í mú nínú omi fún ìdajì wákàtí. Ó yíkùn sókè, ó kú sí mi lọ́wọ́. Ìgò tí mo fi ń wọn ooru omi wà lókè àpótí mi báyìí. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ mú jáde, kí n tó mú ìdẹ kankan.