Omi àti àgbo fún ọmọ oṣù mẹ́ta

Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ ní ìyá ọkọ yín fẹ́ kí ọmọ oṣù mẹ́ta máa mu omi àti àgbo, nítorí pé ooru Òṣogbo ti le jù àti pé inú ń run ọmọ náà. Wàrà ọmú nìkan ni kí ẹ máa fún un títí yóò fi pé oṣù 6. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ nìyẹn. Nǹkan bí ìdá 87 nínú 100 wàrà ọmú jẹ́ omi, nítorí náà òùngbẹ kò ní pa á.

Ọ̀rọ̀ ìfun rẹ̀ gan-an ló gba àlàyé. Àwọn ṣúgà kan wà nínú wàrà ọmú tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà, tó jẹ́ pé oúnjẹ kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Bifidobacterium ni. Bí kòkòrò rere yìí ti ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni inú ìfun ń kan bí omidùn, tí àwọn kòkòrò tó ń fa àrùn kì í sì í rọ́wọ́ mú níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, àkọ́bí mi kò tíì pé oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ń fún un ní omi kànga àti àgbo nílé. Ìgbẹ́ gbuuru ló bá dé. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò ní kí a lo oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kò dá, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò àìfojúrí mìíràn, ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, oògùn yẹn kò sì ràn án. Kòkòrò rere ló ń pa dànù. ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru), oògùn síǹkì tí nọ́ọ̀sì fún wa, àti ọmú tí n kò dá dúró ni Ọlọ́run fi yọ ọmọ náà.

Fún èkejì, mo máa ń fún wàrà sínú ife tí a ti sè nínú omi híhó kí n tó lọ sọ́jà. Ó lè wà níbi tó tutù fún wákàtí 4, ṣíbí ni wọ́n sì fi ń fún un mu. Ẹ má bá màmá jà o. Omi Ọ̀ṣun tí ìyá ọkọ mi bù wá lọ́jọ́ ọdún, ìkúnlẹ̀ ni mo fi gbà á, mo sì fi wẹ ọmọ, inú wọn dùn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ jìn sínú, tàbí tí ó kọ ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.