Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀rọ̀ "more faster"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo kọ "He runs more faster than me" sínú àròkọ, tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sí i. Mo ní ó dáa, bóyá "er" nìkan ni wọ́n fẹ́, mo wá kọ "She spoke quicklier", ìlà pupa náà tún ni. Èyí tó wá burú jù ni "I worked hardly" tí mo kọ, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n tẹ̀lé?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bó ṣe rí lójú. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé l'Òyìnbó ("adverb", èyí tó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan), ara ọ̀rọ̀ àpèjúwe ("adjective", èyí tó ń sọ bí èèyàn tàbí nǹkan ṣe rí) ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n á kàn lẹ "ly" mọ́ ọn nídìí, "quick" á di "quickly", "careful" á di "carefully", "l" méjì ló wà níbẹ̀ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé ọ̀kan. "Y" tó bá wà nídìí á di "i", bíi "happy" tó di "happily". "Gentle" á ju "e" ẹ̀ nù, á di "gently". Èyí tó bá parí sí "ic" á gba "ally", bíi "basically", àfi "public" alágídí tó ní "publicly" ni tòun.

Ìfiwéra ló máa ń da èèyàn láàmú. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ yọ "ly" yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe gidi ló kù, ẹ lo "more" àti "most". Yọ ọ́ lára "quickly", "quick" ló kù, torí náà "more quickly" ni, kò sí ohun tó ń jẹ́ "quicklier". Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lára "early", "ear" ló kù, etí nìyẹn, kò bá "early" tan rárá! "Early" dá dúró ni tiẹ̀, "earlier" àti "earliest" ló sì ń gbà. Àwọn tí ò ní "ly" rárá, tí wọ́n jẹ́ àpèjúwe tí wọ́n tún jẹ́ àpọ́nlé láìpààrọ̀ aṣọ, bíi "fast", "hard", "late", "high", "er" àti "est" ni tiwọn.

"Faster" ti fi nǹkan wéra tán, tẹ́ ẹ bá tún ti "more" síwájú ẹ̀, ẹ ti fi wéra lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fura o, ó jọ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ni pé onítọ̀hún fi eré sísá jù yín lọ gan-an ni, kì í ṣe díẹ̀. "Much faster" tàbí "far faster" ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, tó bá sì jẹ́ díẹ̀ ni, "a bit faster". Ní ti "than me", kò sí wàhálà lẹ́nu, tó bá di ìdánwò ẹ kọ "than I do" kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín yẹn, ẹ má bínú, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "I worked hard" ni pé ẹ ṣiṣẹ́ kára. "I hardly worked" ni pé iṣẹ́ bíńtín lẹ ṣe, bí ẹni tí ò ṣe rárá. Ẹ wá rò ó wò, kéèyàn jókòó síwájú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ kó ní "I hardly work", ó ti lé ara ẹ̀ lọ nìyẹn! "Lately" náà ò jẹ mọ́ pípẹ́ dé, "lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí" ló ń sọ.

ÌBÉÈRÈ: "She sings good" àbí "She sings well"? Ṣé mo lè ní "more well"?

ÌDÁHÙN: "Well" ni o, torí bó ṣe ń kọrin lẹ̀ ń sọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wéra, "better" àti "best" ni, bí "badly" ṣe ń di "worse" àti "worst". Ẹ má tún gbé "more" ka orí "better" o. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú "smell", "look" àti "taste". "It smells bad" la máa ń sọ, torí nǹkan tó ń rùn yẹn là ń júwe, tẹ́ ẹ bá ní "it smells badly", ó máa dà bíi pé imú ẹ̀ ni ò ṣiṣẹ́ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe máa sọ "friendly" di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé?

ÌDÁHÙN: Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan kan. "Ly" wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́, àpèjúwe ló ṣì jẹ́, òun àti "lonely" àti "lovely". "Friendlily" wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. "In a friendly way" ni kẹ́ ẹ kọ, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi wéra, "in a friendlier way".