Ìkà Tó Ń Ṣe Bí Ọmọdé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí iyàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kylo Ren, ìkà inú fíìmù Star Wars ti ọdún 2015, kò lè dẹ́rù bani, torí pé ó ń bínú bí ọmọ kékeré. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti wá jíṣẹ́ fún un pé rọ́bọ́ọ̀tì tó ń wá ti bọ́. Ó fa idà iná yọ, ó ṣá ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ yánnayànna. Ó pani lẹ́rìn-ín, àbí? Ṣùgbọ́n kíá ló fi agbára àìrí fa ẹni tó jíṣẹ́ náà mọ́ra, ó gbá a lọ́fun mú. Ẹni tó lágbára tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ta ló mọ ohun tí yóò ṣe tẹ̀ lé e? Nígbà tó yá, bàbá tó bí i ló pa.

Ohun tó máa ń ba irú ìkà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kó máa fapá jánú láìsí ẹni tó fara gbá a. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, òǹwòran á ti máa yán.