Ọ̀gá ń ti iṣẹ́ bọ àárín sprint, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Product manager ni mí níléeṣẹ́ kan l'Ékòó níbí, èmi ni mò ń pinnu iṣẹ́ tó kàn, áàpù tí àwọn oníṣòwò fi ń gba owó là ń ṣe. Sprint ọ̀sẹ̀ méjì méjì là ń lò, ìyẹn ni pé a máa ń la iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kalẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ a ò tíì parí ìkankan bá a ṣe là á kalẹ̀ rí. Tá a bá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, kó tó di Wẹ́sidé ọ̀gá wa á ti fi voice note ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn dẹfẹ́lọ́pà pé òun rí nǹkan kan lára áàpù àwọn kan, kó bá òun fi sí tiwa kíákíá, èmi ò sì ní mọ̀ àfi tí mo bá gbọ́ ọ ní stand-up, ìpàdé kúkúrú tá a máa ń ṣe lójoojúmọ́. Tí iṣẹ́ ò bá wá jáde, èmi náà ni wọ́n á bi. Àbí mi ò mọ iṣẹ́ ni? (Ẹni tó ti rẹ̀, Yaba)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o, torí ibi tó o bá sá lọ, ọ̀gá oní-voice-note wà níbẹ̀ náà. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà wọlé sí yín lọ́wọ́ ló pọ̀ jù.

Scrum Guide, ìwé ìlànà ọ̀nà iṣẹ́ tó ń lo sprint yìí, tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020, sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ẹnì kan ṣoṣo ni Product Owner (ìwọ nìyẹn lọ́dọ̀ yín), kì í ṣe ìgbìmọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ yí backlog (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ láti ṣe) padà, kó wá bá a sọ ọ́. Ọ̀gá wà lára "ẹni" yẹn. Àmọ́ àwọn èèyàn máa ń ṣì í kà pé tí sprint bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Irọ́ ni. Sprint goal, ìyẹn ohun pàtó tí sprint náà wà fún, ni ò gbọ́dọ̀ bàjẹ́, iṣẹ́ tó kù ẹ lè jọ dúnàádúrà lé e lórí. Ìbéèrè mi wá ni pé, ṣé ẹ tiẹ̀ ní goal, àbí tíkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lẹ kàn tò síbẹ̀? Sprint tí ò ní goal, ilé tí ò nílẹ̀kùn ni, ẹni tó bá ti ń kọjá lè yà síbẹ̀.

Jẹ́ n sọ ti ara mi. Ọ̀gá mi nígbà kan ní dandan, ká fi dark mode, èyí tó ń sọ ojú áàpù di dúdú, sí áàpù wa. Mi ò bá a jiyàn, mo ní sà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dé ọjà ná. Mo jókòó ti màmá kan tó ń ta ata ní Mile 12 láti àárọ̀ dọ̀sán. Oníbàárà á ṣe tránsífà, á na rìsíìtì orí fóònù sí màmá, màmá á ní "mi ò ka ìyẹn o, dúró kí tèmi dún ná", á fi ẹsẹ̀ fa báàgì ata sẹ́yìn. Ojú fóònù màmá ti fọ́, òòrùn ń ràn sí i, ó ń fi ọwọ́ ṣíji bò ó kó tó rí nǹkan kà. Ta ló máa rí dark mode nínú òòrùn yẹn? Mo padà lọ sọ ohun tí mo rí fún ọ̀gá, goal wa sì di "kí oníṣòwò tètè mọ̀ pé owó ti wọlé". Ọ̀rọ̀ dark mode kú síbẹ̀.

Nítorí náà, má sọ pé rárá fún ọ̀gá. Ṣí backlog níwájú ẹ̀, kó o ní "A máa ṣe é sà, èwo nínú mẹ́ta yìí ni ká yọ fún un?" Tó bá yọ ọ̀kan lóòótọ́, ṣe é, òun ló ni iléeṣẹ́. Lọ bá a fúnra ẹ o, má fi ọmọ dẹfẹ́lọ́pà ṣáájú ogun. Tó bá sì jẹ́ pé pàjáwìrì gidi ló ń wọlé lójoojúmọ́, bíi kí owó máa há sọ́nà, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kúkú lo Kanban, ọ̀nà iṣẹ́ mìíràn tí ò nílò sprint, kẹ́ ẹ fi òǹkà dé iye iṣẹ́ tó lè wà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè: Stand-up wa ń gbà tó wákàtí kan, ẹ gbà wá o. (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú 15 ni. Ti àwọn dẹfẹ́lọ́pà ni, wọn ò wá jábọ̀ fún ẹ. Go-slow há mi mọ́ orí Third Mainland lọ́jọ́ kan, mi ò débẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi parí ẹ̀.