Ẹ bi wá: Ìdájọ́ níbi àfihàn ère

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ní Kétu ń ṣètò àfihàn ère gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère onígi tí oníjó máa ń gbé rù sórí. Adájọ́ mẹ́ta la ní. Lọ́dún tó kọjá, a ro máàkì wọn pọ̀, ère tí ẹni méjì nínú wọn kò fi ṣáájú ló gba ipò kìíní. Ariwo ta. Kí la fẹ́ ṣe sí i? (Òǹkàwé kan, Kétu)

Ìdáhùn: Ìròpọ̀ yẹn gan-an ló fa ariwo. Ẹ wo ère nọ́ńbà 4 àti 7. Adájọ́ àkọ́kọ́ fún wọn ní 72 àti 70, ìkejì fún wọn ní 74 àti 71. Ìkẹta, tí kì í ṣọ́ máàkì ná, fún wọn ní 50 àti 90. Tí ẹ bá rò ó, 4 ní 196, 7 ní 231. Ẹnì kan ṣoṣo ti da ìdájọ́ ẹni méjì nù, ó sì lè má mọ̀ pàápàá.

Kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan fi máàkì tirẹ̀ to àwọn ère ní ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta títí dé ìsàlẹ̀, láìfi méjì sí ipò kan. Ipò ni kí ẹ rò pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló borí. Níbí, 4 ní 1+1+2, ìyẹn 4. 7 ní 5. Tí méjì bá ṣe déédéé, ẹ béèrè èwo ni adájọ́ kọ̀ọ̀kan fi ṣáájú nínú méjèèjì. Ẹni mẹ́ta kò lè pín sí ọgbọọgba.

Tí ọmọ iṣẹ́ adájọ́ kan bá wà nínú ìdíje, kò tó kó fo ère ọmọ náà: ipò tí kò kọ yóò dín àròpọ̀ ère yẹn kù, á sì borí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi adájọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀ pátápátá.

Lórí ère fúnra rẹ̀, a ó fi 40 nínú 100 fún iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ yí i dé, kí ẹ wo inú rẹ̀. Níbi tí ara rẹ̀ bá nípọn ju ibòmíràn lọ, kì í gbẹ bákan náà, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń sán nígbà ọyẹ́, pàápàá tí wọ́n bá fi igi tútù gbẹ́ ẹ. Àwọn kan a máa fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù dí i, wọ́n á kun ọ̀dà lé e. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ojú ibẹ̀ á hàn.

Ẹ má sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì, àtàrí rẹ̀ nìkan ni adájọ́ á máa wò. Ẹ gbé e ka orí igi tó ga tó orí ènìyàn. Ní 2001 tí UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún gbogbo ayé, ijó, orin àti ìlù wà nínú ohun tí wọ́n kà. Ère tí oníjó kò lè rù kò yẹ fún ipò kìíní, bó ti wù kó dán tó.

Ìbéèrè: Àwọn àlejò náà máa dìbò níbi àfihàn wa. Ìgbà wo ni ká lẹ ìwé «ipò kìíní» mọ́ iṣẹ́? (Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́)

Ìdáhùn: Lẹ́yìn tí ẹ bá ti àpótí ìbò pa. Bí wọ́n bá ti rí ìwé yẹn, ibẹ̀ ni ìbò ń rọ́ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà iṣẹ́ sí i, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe é.