Kí nìdí tí wọ́n fi ń yẹ omi ẹ̀gbin ìlú wò láti fi wá àrùn?

Torí kí wọ́n lè rí àrùn kó tó gbé ẹnikẹ́ni dé ilé ìwòsàn ni. Ẹ wo rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀: nínú nǹkan bí 200 ènìyàn tó bá kó o, ẹnì kan péré ni ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kì í mọ̀ rárá, síbẹ̀ kòkòrò náà ń bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n ṣe rí i nínú omi ẹ̀gbin London lọ́dún 2022 nìyẹn, láìsí ẹnì kankan tó rọ níbẹ̀.

Wọ́n lè bu nǹkan bíi lítà kan láàárọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ilé ìyàgbẹ́, tàbí kí ẹ̀rọ máa bù ú díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24. Ti ẹ̀rọ ló dára jù, torí bíbù ẹ̀ẹ̀kan lè ṣèèṣì fo kòkòrò náà. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e sí lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kó má kọjá 8°C. Bó bá gbóná lójú ọ̀nà, kòkòrò lè bàjẹ́, kí èsì sọ pé kò sí àrùn níbi tó wà. Irú èsì bẹ́ẹ̀ léwu gan-an, torí ó ń fi àwọn aláṣẹ lọ́kàn balẹ̀ lásán. Òjò ńlá náà máa ń jẹ́ kí kòkòrò ṣọ̀wọ́n nínú omi.

Níbi tí ṣáláńgá bá pọ̀ sí, kò sí páìpù tó so ilé pọ̀. Inú gọ́tà àti odò tó ń gba ẹ̀gbin ni wọ́n ti ń bù ú.

Àyẹ̀wò yìí kò lè dárúkọ aláìsàn o. Àdúgbò tó yẹ kí àjẹsára tètè dé ló ń tọ́ka sí.